Àwọn Mẹ́rin Tó Ṣẹ́kù

Ọjọ́ Ajé, 14 Sẹ́tẹ́ńbà 1998

Tíṣà ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní kí a máa kọ nǹkan sínú ìwé lójoojúmọ́, kí ọwọ́ wa má baà le. Ti èmi kì í ṣe ti ìwé kíkọ. Ọdún kọkànlá rèé tí èmi Adédoyin ti ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Ìlá, kò sì sí ìpàdé tí n kò kọ sílẹ̀. Ìṣirò ni ọ̀tá mi. Kíláàsì Kẹrin ni mo wà nígbà tí bàbá mi kú tí wọ́n mú mi kúrò ní iléèwé, pínpín ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Láti ìgbà yẹn, ohunkóhun tí mo bá ń pín, ojú ni mo fi ń pín in.

Ohun tó gbé mi dé ìdí èyí ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìdáná wa láàárọ̀. Gbogbo àwa kúùkù tí a ń ṣe kásúà ní iléèwé àwọn ọmọbìnrin yìí, tí a ti lò ju ọdún mẹ́wàá lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ tuntun fẹ́ sọ wá di òṣìṣẹ́ gidi. A ó máa gba owó oṣù kódà bí ọlidé bá dé, a ó sì rí owó ìfẹ̀yìntì gbà lọ́jọ́ alẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí Kíláàsì Kẹfà yóò ṣe ìdánwò ní òpin Nòfẹ́ńbà, ìṣirò ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́lì, kó máa lọ sílé.

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń fín iná níbẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta. Ta ni yóò tún gbà mí sí iṣẹ́ míràn? Àyà mi já, n kò lè purọ́.

Ọjọ́rú, 16 Sẹ́tẹ́ńbà

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò Adébáyọ̀, níbí ní Adó. Bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé ni wọ́n kó wa lé, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlálérè, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí gbogbo wa kó tó mú ṣọ́ọ̀kì. Ìyẹn wù mí.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni Bàbá Akínbọ́lá jókòó sí, àwọn tó ń ṣọ́ géètì iléèwé wa. Àwọn náà kò ní ìwé ẹ̀rí. Wọ́n ní, “Ìyá Ọmọ́níyì, bí a bá fẹ́lì, èmi á wá máa ṣọ́ ulé rẹ, ìwọ á máa se oúnjẹ fún mi.” Mo ní kí wọ́n rọra, kí ìyàwó wọn má gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 21 Sẹ́tẹ́ńbà

Wọ́n fún mi ní òdo lónìí. Ó dùn mí wọra.

Ìbéèrè náà rèé: ọsàn àádọ́ta, èèyàn mẹ́jọ, mélòó ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà? Mo pín in dáadáa. Mẹ́fà mẹ́fà, ó ku méjì. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Mẹ́fà mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹni tó dàgbà jù yóò gba mẹ́jọ.” Tíṣà fa ìlà pupa gbọọrọ lé e lórí.

Mo béèrè ohun tí mo ṣẹ̀. Ó ní, “Mà, níbo ni ìbéèrè ti sọ pé ẹnì kan dàgbà jù?”

Mo ní, “Níbo ló ti sọ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ?”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa ìlà rẹ̀ rẹ́. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, kò sẹ́ni tó ń pín nǹkan kó fi ìyókù sílẹ̀ gbalaja. Àgbà ló ni ín, ọ̀rọ̀ sì ti bùṣe. Mo fi ìbínú rìn délé.

Ọjọ́bọ̀, 24 Sẹ́tẹ́ńbà

Òjò láti òwúrọ̀. Igi ìdáná tutù, èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ wa lójú. Kò sí karosíìnì ní gbogbo Adó, àwọn tó ní in sì ń tà á bí ẹni ń ta wúrà.

Ọjọ́rú, 30 Sẹ́tẹ́ńbà

Ìyá kan ní gàrí kóńgò àádọ́rùn-ún. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ra kóńgò mẹ́rin. Oníbàárà mélòó ni yóò rà, mélòó ni yóò kù? Mo ní méjìlélógún ni yóò rà, kò sì ní ku nǹkan kan. Tíṣà ní kóńgò méjì yóò kù. Mo ní kò lè kù. Ìyá wo ni yóò ta gàrí fún oníbàárà méjìlélógún láìfi ènì sí i? Ènì nìkan á ti jẹ kóńgò méjèèjì, àní ó lè má tó.

Tíṣà fọwọ́ lérán. Ó ní, “Mà, ìyá inú ìbéèrè yìí kì í fi ènì sí i.” Mo ní kò burú, ìdí tí kò fi ní pẹ́ kógbá sílé nìyẹn. Òdo náà ni mo tún gbà.

Ọjọ́rú, 7 Òkítóbà

Ọgọ́rùn-ún ọmọ ìjọ ń lọ sí ìsìnkú ní Ìjan. Bọ́ọ̀sì kan ń kó èèyàn mẹ́rìnlá. Bọ́ọ̀sì mélòó ni wọn yóò yá? Gbogbo wa ló pín in tó bọ́ sí méje, ku méjì. Gbogbo wa ló sì kọ méje. Tíṣà béèrè ibi tí a fẹ́ kó àwọn méjì tó kù sí. Bàbá Akínbọ́lá dìde dúró fún un, wọ́n ní, “Kí wọ́n sún mọ́ra ni. Ṣé Ìjan jìnnà ni?” A pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Tíṣà jókòó sórí tábìlì. Ó ní bí a bá ń sún mọ́ra báyìí nínú ìdánwò, ibẹ̀ ni wọn yóò ti sún wa kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wá fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé pínpín kọ́ ni ìṣòro wa, pé a ti mọ̀ ọ́n pín. Ó ní bí a bá pín tán, kí a padà lọ ka gbólóhùn ìkẹyìn nínú ìbéèrè, kí a bi ara wa pé kí ni wọ́n ń wá gan-an. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kò kàn tíì wọ̀ mí lára ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Òkítóbà

Ó yé mi. Ó yé mi lónìí, ẹni tó sì jẹ́ kó yé mi kò wọ iléèwé rí.

Mo bá ọkọ mi lọ sí oko wa lọ́nà Ìjan láti kó iṣu wálé. Iṣu tí Bàbá Ọmọ́níyì wà jọ jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta, ńláńlá ni wọ́n, agbọ̀n kan kò sì lè gbà ju mẹ́fà lọ. Wọ́n ní, “Ìyá Ọmọ́níyì, ìwọ tó ń lọ sí iléèwé, agbọ̀n mélòó ni kí n lọ yá lọ́wọ́ ẹni tí oko wa jọ pààlà yìí?”

Mo fi igi kọ ọ́ sórí ilẹ̀. Méje, ku márùn-ún. Mo fẹ́ sọ pé méje, mo wá wo iṣu márùn-ún tí yóò wà nílẹ̀, mo ní, “Ẹ yá mẹ́jọ.”

Wọ́n ní, “Alájàpá fẹ́ ra èyí tí agbọ̀n rẹ̀ bá kún nìkan. Agbọ̀n mélòó ni n ó tà fún un?” Mo wo ohun tí mo kọ sílẹ̀. Mo ní, “Méje.”

Wọ́n ní, “Ṣé yóò wá ku èyí tí àwa náà yóò gún níyán?” Mo ní, “Yóò ku márùn-ún.”

Ni mo bá dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pín iṣu náà. Ìdáhùn mẹ́ta ló ti inú rẹ̀ jáde, kò sì sí èyí tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀. Ìbéèrè ló yàtọ̀. Mo sọ fún Bàbá Ọmọ́níyì pé ohun tí Tíṣà fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé kiri lórí mi ni wọ́n fi agbọ̀n kọ́ mi yìí. Wọ́n ní àwọn kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, kí n tètè gbé iṣu kí òjò tó dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Òkítóbà

Páànù gàrí méjìléláàádọ́ta ló kù nínú sítọ̀. Mẹ́fà là ń lò lójúmọ́. Mo jókòó lórí àpótí, mo pín in. Mẹ́jọ, ku mẹ́rin. Mo ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà: yóò tó wa dé ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, ní Ọjọ́rú a ó ní mẹ́rin, mẹ́rin kò sì tó mẹ́fà. Mo kọ ọ́ sórí bébà pélébé, mo gbé e lọ fún ọ̀gá àgbà wa, Màmá Adébíyìí. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n béèrè ẹni tó bá mi kọ ọ́.

Mo ní, “Èmi ni, mà.”

Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti dé iléèwé yìí, ọjọ́ tí gàrí bá tán ni wọ́n tó máa ń wá sọ fún àwọn pé ó ti tán.

Ọjọ́ Ajé, 26 Òkítóbà

Mọ́tò gàrí dé lónìí, láìka bẹntiróòlù tó wọ́n sí. Kò sí ọmọ tí ebi pa.

Ọjọ́rú, 4 Nòfẹ́ńbà

Tíṣà fún wa ní ìdánwò àdánrawò. Ogún nínú ogójì lẹni tó bá fẹ́ yege gbọ́dọ̀ ní. Mo gba mẹ́tàdínlógún. Bàbá Akínbọ́lá gba mọ́kànlá. A jọ rìn láti Adébáyọ̀ dé géètì iléèwé.

Kì í ṣe pé mo ṣì wọ́n. N kò parí wọn ni. Ìbéèrè kan ní obìnrin kan fi aṣọ ọgbọ̀n yáàdì rán ẹ̀wù fún àwọn ọmọ, ẹ̀wù kan gba yáàdì mẹ́rin. Ẹ̀wù méje, ku yáàdì méjì. Mo kọ ọ́ tán, n kò sì lè kúrò níbẹ̀. Mo ń ro ọmọ kẹjọ. Bóyá ó kéré, bóyá yáàdì méjì á tó fún un bí wọ́n bá gé apá rẹ̀ kúrú. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, Tíṣà ti ń gba ìwé.

Mo sọ ọ́ fún un. Ó ní, “Mà, àánú yín ni yóò kó bá yín. Ẹ dáhùn, kí ẹ sì máa lọ.”

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Nòfẹ́ńbà

Mo sunkún lónìí nídìí àlùbọ́sà, kí àwọn yòókù lè rò pé àlùbọ́sà ni. Bí mo bá fẹ́lì, kí ni mo máa sọ fún Ọmọ́níyì tó wà ní Poli, tó ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìyá òun ń lọ sí iléèwé? Ojú yóò tì mí kọjá ohun tí mo lè kọ.

Ọjọ́ Ajé, 9 Nòfẹ́ńbà

Mo ti rí ọgbọ́n kan dá. Lọ́sàn-án, tí a bá ti fọ abọ́ tán, tí àwọn ọmọ sì wọ kíláàsì, mo máa ń lọ sí géètì, èmi àti Bàbá Akínbọ́lá á sì jọ ṣe ìbéèrè márùn-ún. Aago tó wà lára ògiri géètì ni wọ́n fi ń ka àkókò fún mi. Bí mo bá ti fẹ́ máa ro àwọn èèyàn inú ìbéèrè, wọ́n á ní, “Uṣẹ́ ń lọ o.” Èmi náà á sì bi wọ́n pé, “Bàbá, kí ni wọ́n ń wá?” títí wọn yóò fi padà sórí gbólóhùn ìkẹyìn.

Ìbínú a máa gbé wọn. Lónìí wọ́n ju pẹ́ńsù, wọ́n ní àwọn ti ṣọ́ géètì fún ọdún méjìlá, olè kankan kò wọlé, ṣé olè tún máa béèrè lọ́wọ́ àwọn iye ẹni tó kù ni? Mo mú pẹ́ńsù náà wá láti inú koríko.

Ọjọ́rú, 18 Nòfẹ́ńbà

Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ogójì. Bàbá Akínbọ́lá, mọ́kàndínlógún. Ó ku ẹyọ kan. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ díẹ̀díẹ̀, ètè mi ti là.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Nòfẹ́ńbà

Ibà. N kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Ọmọ́níyì se ẹ̀kọ fún mi, ó dì kókó kókó, mo jẹ ẹ́ tán nítorí ìfẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 26 Nòfẹ́ńbà

A ti ṣe é. Àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí a jẹ́ kúùkù la jọ jókòó, pẹ̀lú àwọn ọlọ́dẹ àti àwọn agbálẹ̀ láti iléèwé míràn. Wọ́n ní a lè fi Yorùbá dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ orúkọ mi kó tó tọ́. Lẹ́yìn náà mo rí ìbéèrè kan tó dá lórí ẹyin àti kíréètì, ọkàn mi sì balẹ̀, nítorí ẹyin kò lè dẹ́rù bà mí. Mo parí gbogbo rẹ̀. Mo tún ráyè padà lọ ka gbólóhùn ìkẹyìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Akínbọ́lá ní àwọn kò mọ̀ bóyá àwọn ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn kò fi àyè kankan sílẹ̀ lófìfo.

Ọjọ́rú, 9 Dìsẹ́ńbà

Orúkọ jáde. Kí n rọra kọ ọ́, nítorí orí ń fọ́ mi.

Mo yege. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ogójì. Mo kúnlẹ̀ síwájú pátákó ìkéde lójú gbogbo èèyàn, mo dúpẹ́. Bàbá Akínbọ́lá gba mọ́kànlélógún, wọ́n sì di ẹnu mú bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ já bọ́. Nínú àwa kúùkù mẹ́sàn-án, ẹnì kan ṣoṣo ni kò yege.

Nígbà náà la rí ìwé kejì tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àyè iṣẹ́ tí wọ́n fún iléèwé wa: ọlọ́dẹ méjì, kúùkù méje. Wọ́n to àwa tí a yege bí máàkì wa ṣe pọ̀ tó. Èmi ni ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ ẹlẹ́ẹ̀keje, orúkọ mi wà nísàlẹ̀ ìlà, wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní òpin oṣù yìí.

Bàbá Akínbọ́lá ṣí fìlà, wọn kò lè yọ̀. Wọ́n ní, “Ìwọ lo kọ́ mi.” Mo ní kí wọ́n lọ sọ fún ìyàwó wọn, pé ìròyìn ayọ̀ kì í dúró ní ẹnu géètì.

Ọjọ́bọ̀, 10 Dìsẹ́ńbà

N kò lọ síbi iṣẹ́. Mo sùn, mo dojú kọ ògiri. Bàbá Ọmọ́níyì jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń bó ẹ̀pà, wọ́n ń kó o sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní oko wà. Mo mọ̀ pé oko wà. Kì í ṣe ti oúnjẹ. Mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, mo sì yege.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Dìsẹ́ńbà

Mo tún lọ wo ìwé náà lónìí, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Lókè pátápátá, ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ bí wọ́n ṣe pín àyè náà: “Kúùkù kan kò gbọdọ̀ ní ju akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n lọ.” Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé iléèwé wa jẹ́ igba àti mẹ́rìnlá. Ta ni yóò mọ iye wọn bí kò ṣe èmi tó ń bu oúnjẹ wọn?

Mo fi báírò pín in sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Igba àti mẹ́rìnlá, sí ọ̀nà ọgbọ̀n. Méje, ku mẹ́rin.

Mo tún un pín. Méje, ku mẹ́rin. Wọ́n ti ju àwọn mẹ́rin yẹn nù.

Mo lọ fi han Tíṣà ní Adébáyọ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Mà, ẹ tọ̀nà. Ṣé ẹ fẹ́ kí n bá yín kọ lẹ́tà?” Mo ní rárá, màá fi ẹsẹ̀ ara mi lọ.

Ọjọ́ Ajé, 14 Dìsẹ́ńbà

Mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó fi ìwé náà ránṣẹ́. Láti agogo mẹ́jọ ni mo ti jókòó, agogo mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó ní kí n wọlé. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Adérẹ̀mí ló wà níbẹ̀, ó jọ pé òun ló ń ṣe ìpín náà. Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Ó ti ń sọ pé gbogbo èèyàn ló ní ìṣòro tirẹ̀ kí n tó jókòó.

Mo ní, “Sà, n kò wá bẹ̀bẹ̀. Ìṣirò ni mo bá wá.” Mo ṣí ìwé mi síwájú rẹ̀.

Ó wò ó. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é, Màmá. Méje. Àṣẹ́kù yín kéré. Bí àṣẹ́kù bá tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a máa ń fi kúùkù kan kún un. Bí kò bá tó, a máa ń jù ú nù. Tiyín jẹ́ mẹ́rin péré.”

Mo ní, “Sà, ìgbà míràn wà tó yẹ kéèyàn ju àṣẹ́kù nù. Bó bá jẹ́ iye kúùkù tí iṣẹ́ rẹ̀ kún ọgbọ̀n gééré lẹ ń wá, méje ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fọwọ́ yín kọ ni pé kúùkù kan kò gbọdọ̀ ní ju ọgbọ̀n lọ. Àwọn mẹ́rin yìí ńkọ́? Ẹ dárúkọ wọn fún mi. Tí mo bá padà dé iléèwé, n ó pè wọ́n, n ó sọ fún wọn pé ìjọba kò rí kúùkù fún wọn.”

Ó ní, “Àwọn kúùkù méje yẹn á pín wọn mọ́ra.”

Mo ní, “Ohun tí èmi náà kọ nìyẹn ní kíláàsì, sà. Òdo ni wọ́n fún mi.”

Ó kọ́kọ́ fajúro. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín já lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́. Ó na ọwọ́, ó yá báírò mi. Ó pín in fúnra rẹ̀ sórí bébà kan, ó wo ohun tí wọ́n kọ lókè ìwé tiwọn, ó tún wo bébà náà. Ó fa fáìlì kan jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti àwọn iléèwé yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la jọ gbà.

Nígbà tó ṣe tán, ó ní kí n máa lọ, pé ọ̀gá òun ni yóò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Kò dá báírò mi padà. N kò béèrè.

Ọjọ́bọ̀, 17 Dìsẹ́ńbà

Kò sí ìròyìn. Àwọn ọmọ parí ìdánwò wọn lónìí. Mo se ìrẹsì, mo bu kún abọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Igba àti mẹ́rìnlá. N kò mọ àwọn mẹ́rin wo.

Ọjọ́ Ajé, 21 Dìsẹ́ńbà

Màmá Adébíyìí ránṣẹ́ pè mí wá láti ilé. Wọ́n dìde dúró nígbà tí mo wọlé, wọn kì í sì í dìde fún kúùkù. Wọ́n fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí èmi fúnra mi kà á. Àyè kúùkù ní iléèwé wa ti di mẹ́jọ. Orúkọ mi wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní kíkún.

Ojú ọ̀nà ni mo ti sunkún, kò sí àlùbọ́sà nítòsí. Nílé, Bàbá Ọmọ́níyì ní kí n ka lẹ́tà náà sétí àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà wọ́n dé fìlà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. N kò rí wọn fún wákàtí méjì. Mo gbọ́ pé ilé kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò wa ni wọ́n ń yà sí.

Ọjọ́bọ̀, 24 Dìsẹ́ńbà

Mo ń gún iyán lọ́sàn-án òní nígbà tí obìnrin kan dúró sí ẹnu ọ̀nà wa, eruku ọ̀nà ti bò ó ní ẹsẹ̀, ó gbé igbá ẹ̀gúsí lọ́wọ́. N kò mọ̀ ọ́n rí. Ó kúnlẹ̀, ó béèrè bóyá ibí ni ilé Màmá tó ṣe ìṣirò.

Mo ní èmi ni Ìyá Ọmọ́níyì, kúùkù ni mí.

Ó ní òun ń jẹ́ Adéọlá, kúùkù lòun náà, láti Ìyìn. Wọ́n ti ní kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun sì ti kó ìgbakọ àti ìkòkò òun wálé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n wá sọ fún òun pé kí òun padà, pé ọmọ mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù níbi tiwọn. Ó ní àwọn márùn-ún ló gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú tèmi a di mẹ́fà. Ọ̀gá wọn gbìyànjú láti ṣàlàyé bí ìṣirò náà ṣe jẹ́, kò yé òun rárá, kò sì dí òun lọ́wọ́. Òun kàn fẹ́ wá rí ojú mi ni.

Mo gbé ọmọ odó sílẹ̀. Mo dì mọ́ ọn, n kò sì fi í sílẹ̀ títí Bàbá Ọmọ́níyì fi béèrè bóyá orí ìdúró ni àlejò yóò ti jẹun. Mo gbé àga fún un, mo sì bu iyán.